Màámi ń bọ̀ láti Ìbàdàn: ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí Shelburne Museum ní Vermont

Adùnní Lowell

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Màámi ń bọ̀ láti Ìbàdàn lóṣù kẹfà, wọ́n á sì lò tó oṣù kan ààbọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí ní Lowell, ní Massachusetts. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ara wọn ṣì le dáadáa, orúnkún nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n fi tọ́ wa. Nígbà tí wọ́n wá kẹ́yìn, láti ilé ìtajà kan dé òmíràn la ń gbé wọn kiri títí ó fi sú wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ò fẹ́ wo ṣọ́ọ̀bù mọ́. Wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn èèyàn ibí ṣe ń gbé láyé àtijọ́, àti ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọkọ mi wá dábàá Shelburne Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vermont. Mo wo ìkànnì wọn, ọ̀rọ̀ náà pọ̀ jù fún mi: ilé 39, lórí ilẹ̀ éékà 45! Àwọn ọmọ wa méjèèjì á bá wa lọ, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, èkejì jẹ́ mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni ká fò? Ṣé ọjọ́ kan tó? Ṣé ohunkóhun tiẹ̀ wà níbẹ̀ tó kan àwa tá a wá láti ilẹ̀ Yorùbá?

Nọ́ọ̀sì Burlington

Ẹ kú ojú lọ́nà Màmá o. Ọlọ́run á mú wọn dé láyọ̀. Burlington ni mò ń gbé, ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi máìlì méje lọ sílé mi, títì Route 7 kan náà ló gbé wa. Gbogbo àlejò tó bá sọ̀ sọ́dọ̀ mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo máa ń mú lọ síbẹ̀.

Ẹ fi sọ́kàn pé odindi abúlé ni ẹ ń lọ wò. Electra Havemeyer Webb ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1947. Ilé àtijọ́ tó bá wù ú ní New England tàbí ní New York, á rà á, àwọn òṣìṣẹ́ á tú u, wọ́n á kó o wá sí Shelburne, wọ́n á sì tún un tò bó ṣe wà. Báyìí ló ṣe kó ilé kan tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1773 wá láti Hadley, ní ìpínlẹ̀ tiyín níbẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n kékeré tí wọ́n fi òkúta kọ́ lọ́dún 1890 ní Castleton wà níbẹ̀. Ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà lórí adágún Champlain láti 1871 náà wà níbẹ̀, lórí ilẹ̀ gbígbẹ báyìí. Afárá onígi alórùlé kan tí wọ́n kọ́ sórí odò Lamoille lọ́dún 1845 náà wà níbẹ̀. Ojú ọ̀nà méjì ló ní fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ó tún ní ti ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ràn kí n máa mú èèyàn gba inú rẹ̀ kọjá, torí òórùn igi àtijọ́ yẹn kò tíì lọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ yan ilé mẹ́fà tàbí méje, kí ẹ jókòó tì wọ́n. Èyí tó kù, ẹ wò ó láti ìta. Kí ẹ sì fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ẹ ń mú lọ yan àwọn ilé náà, ẹ má fi ìwé ìléwọ́ wọn yan. Mo ti rí àgbẹ̀ kan láti Ṣakí tó lo ọ̀pọ̀ àkókò nínú abà rìbìtì tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1901, ó ń yẹ ọ̀nà tí wọ́n gbà ń da koríko láti òkè sí àárín kí màlúù lè jẹ ẹ́ yíká wò. Àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ kó wá wo àwòrán, kò dá wọn lóhùn.

Fún orúnkún Màmá: ẹ pe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ṣáájú, kí ẹ béèrè nípa àga oníkẹ̀kẹ́ àti ohun tí wọ́n fi ń gbé àgbàlagbà kiri inú ọgbà. Àtẹ̀gùn àwọn ilé ìgbà náà tóóró, ó sì dúró ṣánṣán. Kí Màmá wo ìsàlẹ̀, kí àwọn ọmọ gòkè lọ wò ó, kí wọ́n wá ròyìn fún wọn.

Oṣù karùn-ún sí oṣù kẹwàá ni gbogbo ọgbà máa ń ṣí sílẹ̀, nígbà òtútù díẹ̀ lẹ máa rí wò. Owó tíkẹ́ẹ̀tì máa ń yí padà, ẹ wò ó lórí ìkànnì wọn kí ẹ tó gbéra.

Ọmọ Aránṣọ Providence

Àǹtí Adùnní, nígbà tí ẹ ti sọ pé aránṣọ ni Màmá, ọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ti tán. Ẹ mú wọn lọ tààrà sí ilé tí wọ́n ń pè ní Hat and Fragrance. Ibẹ̀ ni àwọn quilt wà, aṣọ ìbora tí wọ́n fi ègé aṣọ oríṣiríṣi rán pọ̀, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gún láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí òwú inú rẹ̀ má bàa ṣù jọ. Ó lé ní 400 tí wọ́n ní nípamọ́. Láti 1954 ni wọ́n ti ń gbé e kọ́ síbẹ̀ bí ẹní gbé àwòrán kọ́. Lákòókò yẹn, ọ̀pọ̀ músíọ̀mù ò ka iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn obìnrin inú ilé sí iṣẹ́ ọnà rárá.

Ìyá mi náà, aránṣọ ni. Nígbà tí mo mú wọn débẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn débi tí olùṣọ́ fi ń wò wá. Wọ́n ń ka ojú abẹ́rẹ́. Wọ́n ní ọwọ́ méjì ló rán èyí, torí ojú abẹ́rẹ́ apá òsì sún mọ́ra ju ti ọ̀tún lọ. Wọ́n tún wá nàka sí ègé aṣọ àwọ̀ ewé kan ní igun, òdòdó ara rẹ̀ dojú dé, gbogbo ti àwọn yòókù dojú sókè. Wọ́n ní, "Wo ibí. Aṣọ ló tán lọ́wọ́ rẹ̀." Mo ti kọjá níwájú quilt yẹn kí wọ́n tó pe àfiyèsí mi sí i, mi ò rí nǹkan kan.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni oríṣi kan tí ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí tàbí nínú ìjọ máa ń rán ègé tirẹ̀, á kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ̀, wọ́n á wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ẹni tó ń ṣègbéyàwó tàbí tó ń ṣí lọ sí ìlú òkèèrè. Ìyá mi ní bí agọ̀ eégún ilé àwọn ló ṣe rí, tí ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan ń mú aṣọ wá lọ́dọọdún tí wọ́n ń rán mọ́ ọn.

Iná inú yàrá yẹn kì í mọ́lẹ̀ púpọ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ń pa aró. Nítorí náà, ẹ mú jígí tí Màmá fi ń kàwé dání. Aṣọ tí wọ́n gbé kọ́ lọ́dún yìí lè má wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n máa ń pààrọ̀ wọn kí wọ́n lè sinmi. Kí Màmá má fọwọ́ kàn án o. Ó máa ṣe wọ́n bíi kí wọ́n tú etí rẹ̀ wò, ẹ dúró tì wọ́n.

Bàbá Rélùwéè

Adùnní ọmọ mi, ire ni. Rélùwéè ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi gba ìfẹ̀yìntì, láti Ìddó, mo dé Ọ̀fà, mo dé Zaria. Àwọn ọmọ mi ló mú mi lọ sí Shelburne, mo sì fẹ́ kí ìwọ náà mú ọkọ rẹ àti ọmọ rẹ ọkùnrin dé ibi tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ìgbà tí ẹ bá dé ibùdókọ̀ rélùwéè tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1890, ẹ ó rí ẹ́ńjìnnì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 220. Ọdún 1915 ni wọ́n ṣe é. Ó ti fa ọkọ̀ tí ààrẹ Amẹ́ríkà wọ̀. Èédú ló ń jẹ, omi ló ń mu, ooru omi ló sì ń tì í. Irú rẹ̀ la bá nílé nígbà tí mo wọṣẹ́. Mo fọwọ́ hàn àwọn ọmọ-ọmọ mi ibi tí afináná máa ń dúró sí, mo ṣàlàyé fún wọn ìdí tí irun ojú rẹ̀ fi máa ń jó. Wọn ò mọ̀ pé mo mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ aládàáni kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Grand Isle, inú rẹ̀ dà bí ààfin. Àwọn olówó ìgbà yẹn kì í jókòó ti èèyàn nínú ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ rí. Ticonderoga ni orúkọ rẹ̀. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 220, ọdún 1906 ni wọ́n kàn án, ẹ̀gbẹ́ ló ní kẹ̀kẹ́ ńlá tó fi ń wa omi. Lórí adágún Champlain ló ti ń kó èrò kiri títí di 1953. Nígbà tí ìnáwó rẹ̀ kò ṣe é gbé mọ́, tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ nù, Ìyáàfin Webb ní kí wọ́n gbé e wá sínú ọgbà òun. Ó ju máìlì méjì lọ díẹ̀ sí etí omi, orí ilẹ̀ sì ni.

Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n gbẹ́ ihò ńlá sí etí adágún, wọ́n tẹ́ irin rélùwéè sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbé àtẹ́ ńlá lé e lórí. Wọ́n jẹ́ kí omi wọnú ihò náà kí ọkọ̀ lè léfòó wọlé. Wọ́n wá fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu rẹ̀, wọ́n fa omi jáde, ọkọ̀ bá rọra jókòó sórí àtẹ́. Nígbà òtútù 1954 wọ 1955, tí ilẹ̀ ti dì gbagidi, ni wọ́n fà á lọ lórí irin, díẹ̀díẹ̀, gba inú pápá àti igbó, ó tiẹ̀ sọdá ojú irin rélùwéè gan-an. Ẹni tó bá ti to irin rí ló lè mọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe le tó. Mo jókòó sórí àga kan nínú ọkọ̀ náà, fíìmù tí wọ́n fi ń ṣàfihàn bí wọ́n ṣe gbé e ni mo ń wò, mo ní kí wọ́n tún un gbé sí i fún mi.

Àtẹ̀gùn pọ̀ nínú rẹ̀. Kí màmá rẹ jókòó sí ìsàlẹ̀, ibẹ̀ náà dára.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́ àná. Èmi ò ní sọ púpọ̀. Dorset House, ibi tí àwọn ẹyẹ onígi wà. Àwọn ọdẹ ló máa ń gbẹ́ ẹ, pẹ́pẹ́yẹ, gúùsì, àti oríṣi ẹyẹ etíkun gbogbo, wọ́n á kùn ún, wọ́n á gbé e sórí omi kí ẹyẹ tòótọ́ lè rò pé ẹbí òun ló wà nísàlẹ̀, kó sì balẹ̀ sẹ́nu ìbọn. Òfin ọdún 1918 ló fòpin sí pípa àwọn ẹyẹ aṣíkiri tà lọ́jà. Lẹ́yìn èyí ni àwọn èèyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyẹ onígi jọ bí iṣẹ́ ọnà. Ẹ wá ti A. Elmer Crowell, ọmọ Cape Cod ni. Ẹ wo bó ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìyẹ́ lórí ìyẹ́ láìgbẹ́ ẹ. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ọ̀kan yí orí padà sẹ́yìn bí ẹni gbọ́ ìró.

Ilé tó ní àwọn pátákó oníṣòwò àti atọ́ka afẹ́fẹ́ orí òrùlé náà dára. Eyín onígi gàgàrà fún oníṣègùn eyín, bàtà ńlá fún oníbàtà. Èèyàn púpọ̀ kò mọ̀ọ́kà nígbà náà, ọjà ní láti sọ ara rẹ̀.

Kọ́lá Bronx

Ẹ má bínú o, mo fẹ́ yà díẹ̀. Láti Lowell sí Shelburne, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta àbọ̀ ni. Old Sturbridge Village wà ní Massachusetts níbẹ̀, bíi wákàtí kan péré sí yín. Ó ti ṣí láti 1946. Ìgbésí ayé abúlé ti àwọn ọdún 1830 ni wọ́n ń ṣàfihàn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ wọn máa ń wọ aṣọ ìgbà náà, wọ́n ń rọ irin, wọ́n ń mọ ìkòkò, wọ́n ń se oúnjẹ lórí ààrò níwájú yín. Ìyá tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gbé, ibẹ̀ á tẹ́ ẹ lọ́rùn ju ibi tí wọ́n kó ẹrù olówó jọ sí lọ.

Tó bá sì jẹ́ pé ohun tó kan àwa aláwọ̀ dúdú ni ẹ ń wá nínú iṣẹ́ ọwọ́ Amẹ́ríkà, Harriet Powers ni kí ẹ lọ kọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n bí i sínú oko ẹrú ní Georgia lọ́dún 1837. Quilt méjì péré ló kù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan wà ní músíọ̀mù Smithsonian ní Washington, èkejì wà ní Museum of Fine Arts ní Boston, nítòsí yín níbẹ̀. Ìtàn inú Bíbélì ló fi aṣọ gé, Ádámù àti Éfà, Jónà nínú ẹja. Nínú èyí tó wà ní Boston, ó tún ṣe ìràwọ̀ tó já bọ́ ní òru kan lọ́dún 1833, èyí tí gbogbo èèyàn rò pé ayé fẹ́ parẹ́. Àwọn onímọ̀ ti sọ pé bó ṣe ń gé àwòrán aṣọ lẹ́ mọ́ aṣọ jọ ti àwọn ará Dahomey, aládùúgbò wa. Nígbà tí ìṣẹ́ dé, dọ́là márùn-ún ló ta ti àkọ́kọ́ lọ́dún 1891. Ẹ pe Boston kí ẹ béèrè bóyá wọ́n gbé e síta kí ẹ tó lọ, wọn kì í gbé e síta nígbà gbogbo.

Ọmọ Aránṣọ Providence

Bọ̀dá Kọ́lá, òótọ́ ni ti Harriet Powers, ọpẹ́ ni fún yín. Àmọ́ ti Sturbridge, mi ò gbà pátápátá. Ibẹ̀ dára fún ọmọdé. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní àádọ́ta ọdún, iṣẹ́ tó ti parí ló máa ń fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ síbi méjèèjì, oṣù kan ààbọ̀ ni Màmá máa lò.

Tíṣà Àgbà

Mo kí gbogbo ilé. Ìbéèrè tó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ Adùnní ni mo fẹ́ dáhùn, bóyá ohunkóhun kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá. Ẹ béèrè owó tí wọ́n fi ra àwọn ilé 39 yẹn.

Owó ṣúgà ni. Henry Osborne Havemeyer ni bàbá Electra. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìdílé wọn ti ń fọ ṣúgà ní New York. Lọ́dún 1887, òun ló ṣáájú àwọn tó kó àwọn ilé iṣẹ́ ṣúgà jọ sábẹ́ agbo kan, tó di American Sugar Refining Company lọ́dún 1891. Ilé iṣẹ́ wọn tó tóbi jù wà ní Williamsburg ní Brooklyn, létí omi, kí ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ síbẹ̀ tààrà. Ṣúgà pupa tí wọ́n ń fọ̀ di funfun níbẹ̀, láti òkè òkun ló ti ń wá, Cuba sì ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀.

Ta ló gé ìrèké ní Cuba? Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, tí ogun gba ilẹ̀ wa láti ìgbà náà lọ, ọ̀pọ̀ yanturu ọmọ Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n kó kọjá ní Èkó àti Ouidah lọ sí Cuba. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ náà ò tíì parẹ́. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Cuba. Ọdún 1888 ni wọ́n bí Electra. Kò sí ẹrú kankan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí i ni ọrọ̀ ìdílé náà ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò sọ èyí kí ẹ má bàa lọ. Mo ti lọ, mo sì máa tún lọ. Ilé kan wà níbẹ̀, Memorial Building, tí wọ́n tún yàrá ilé rẹ̀ ní Park Avenue tò sínú rẹ̀, àga, àpẹẹrẹ òdòdó, gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn àwòrán Monet, Manet àti Degas tí àwọn òbí rẹ̀ rà ló wà lára ògiri. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ìtàn ìrèké fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn, kí ó mọ̀ pé àwọn èèyàn wa náà wà nínú ìtàn yàrá yẹn. Ọmọ mi obìnrin ò sọ̀rọ̀ nígbà tí mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló wá padà lọ wo àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ọdún tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tí ọmọ náà lè béèrè: ère àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tí àwọn tó ń ta tábà máa ń gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù. Irú ère yẹn ni Electra kọ́kọ́ rà, kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, ẹnu ya ìyá rẹ̀ pé irú nǹkan jákujàku bẹ́ẹ̀ wọ ilé tí àwòrán olówó iyebíye kún. Iṣẹ́ gbígbẹ́ rẹ̀ dára. Àmọ́ àwọn agbẹ́gilére aláwọ̀ funfun ló gbẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú wọn ń gbẹ́ ère iwájú ọkọ̀ òkun tẹ́lẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ èrò ọkàn wọn nípa àwọn onílẹ̀. Àwọn Abenaki ló ni etí adágún Champlain yẹn kí ẹnikẹ́ni tó dé, wọ́n sì ṣì wà ní Vermont. Kí àwọn ọmọ mọ ìyàtọ̀ láàárín ère tí èèyàn gbẹ́ nípa ara rẹ̀ àti èyí tí ẹlòmíì gbẹ́ nípa rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Burlington

Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an. Gbogbo ìgbà tí mo ti lọ, mi ò ro ọ̀nà ibẹ̀ yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ yín rán mi létí Rokeby Museum ní Ferrisburgh, ìsàlẹ̀ Route 7 kan náà, bíi ogún ìṣẹ́jú sí Shelburne. Ilé oko ìdílé Robinson ni, Quaker ni wọ́n, ìjọ Kristẹni kan tó tako oko ẹrú, ìran mẹ́rin ló gbé inú rẹ̀ láti 1793. Rowland Robinson àti Rachel aya rẹ̀ gba àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú sílé, wọ́n fún wọn níṣẹ́ lóko àgùntàn wọn. Rachel kì í fẹ́ kí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ẹrú ṣe wọ ilé òun.

Ẹ ka ìtàn Jesse níbẹ̀. Ọdún 1837 ni. Ó ti sá kúrò ní North Carolina, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robinson, ó sì fẹ́ ra ara rẹ̀ padà kó lè sùn kó mọ́ra. Robinson bá a kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Jesse ti fi dọ́là 150 pamọ́. Ọ̀gá ní 300 lòun máa gbà. Lẹ́tà yẹn ṣì wà. Màmá yín tó jẹ́ aránṣọ máa lóye ìdúnàádúrà yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ilé náà kéré, kò ní àtẹ̀gùn púpọ̀ tí ẹ bá dúró sí ibi ìpàtẹ ìsàlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, èyí ṣe pàtàkì: Vermont bá Canada pààlà. Àwọn aṣọ́bodè lè da ìbéèrè bo èèyàn nínú ìlú lọ́hùn-ún, àní níbi tó jìnnà sí ẹnubodè. Kí Màmá mú ìwé ìrìnnà wọn tòótọ́ dání, àti ìwé I-94, àkọsílẹ̀ ìwọlé wọn sí Amẹ́ríkà, tí ẹ tẹ̀ jáde, kó wà nínú báàgì ọwọ́ wọn. Ẹ má fi sílẹ̀ ní Lowell pé ẹ ò fẹ́ kó sọnù.

Ìyá Ìbejì Montreal

Mo fẹ́ fi ti ọmọ kékeré kún un, kó má bàa jẹ́ ti àgbà nìkan. Ilé kan rí bí irin bàtà ẹṣin, ó gùn, ó tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́. Inú rẹ̀ ni ìtò sákọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n fi igi gbẹ́, ẹṣin, erin, akọrin, kìnnìún nínú àgò, nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 500 ló gùn tì í lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ kí ojú wọn lè bá ti àwọn ẹlẹ́ṣin dọ́gba. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹranko onígi ńlá 40 tó wá láti inú ẹ̀rọ ayípo tí àwọn ọmọdé máa ń gùn (carousel), tí ilé iṣẹ́ Dentzel ṣe ní nǹkan bíi 1902. Wọn kì í gùn wọ̀nyẹn o. Ẹ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ṣáájú. Ẹ̀rọ ayípo mìíràn wà níta tí wọ́n lè gùn.

Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kékeré àti pẹ́ńsù, kó ya ohun kan péré nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Bírò, wọn kì í fẹ́ ẹ níbi àwòrán. Èyí ló jẹ́ kí àwọn tèmi dúró jẹ́ẹ́.

Mo rí i pé ẹ ò tíì sọ ọ́, Àǹtí, àmọ́ tí ẹ bá ń ro pé ẹ ó ti ibẹ̀ yọjú sí wa ní Montreal torí ó súnmọ́, ẹ wo físà Màmá dáadáa. Tó bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹ má sọdá. Àwa la máa wá bá yín ní Burlington.

Adùnní Lowell

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ ṣé, ẹ ṣeun gidi. Bàbá, mo bá ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ fún yín, èmi náà kúnlẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Màámi lórí fóònù lálẹ́ àná, wọ́n ní kí n tún ti aṣọ tó dojú dé yẹn kà. Wọ́n ní àwọn ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí sára aṣọ ìyàwó, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Bí a ṣe fẹ́ ṣe é nìyí. A ó sùn sí Burlington lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ní Ẹtì, quilt ni àárọ̀ kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà sákọ́ọ̀sì fún ọmọ kékeré, oúnjẹ ọ̀sán, ọkọ̀ Bàbá, Dorset House, ká wá parí sí Memorial Building. Ní Sátidé, Rokeby, ká tó máa bọ̀ wálé. Sturbridge á dúró di oṣù keje, Boston náà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti pè wọ́n lórí Harriet Powers.

Ìbéèrè kan ló kù. Màámi ò lè jẹ oúnjẹ òyìnbó láti àárọ̀ dé alẹ́. Ṣé a lè gbé ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín dání?

Nọ́ọ̀sì Burlington

Ẹ gbé e, inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ jẹ ẹ́ lábẹ́ igi níta, tàbí nínú ọkọ̀ tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹ kó ìdọ̀tí yín. Òórùn ata máa ń pe àwọn kòkòrò níbẹ̀ lóṣù kẹfà, ẹ mú oògùn ẹ̀fọn lọ́wọ́. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ má wulẹ̀ ra oúnjẹ. Àmàlà á wà nílẹ̀. Ẹ kàn fi bí ẹ ṣe pọ̀ tó ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.